Ohùn Ògù tó wà nínú fóònù wa

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Bí ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Èrèlé bá ti ń sún mọ́lé, ọjọ́ tí UNESCO yà sọ́tọ̀ fún èdè abínibí ní ọdún 1999, fóònù gbogbo wa ní Àgbádárígì a máa kún fún fídíò: orin Ògù, ìkíni Ògù, ìyá àgbà kan tó ń pa òwe, ọmọdé tó ń ka oókan dé ẹẹ́wàá. Inú wa ń dùn sí i. Àmọ́ ẹ mú èyíkéyìí nínú fídíò ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, kí ẹ béèrè pé ta ni ìyá yẹn, ọmọ ibo ni, kí ni òwe rẹ̀ túmọ̀ sí, ta ló gbà á sílẹ̀. Ẹni tó fi ránṣẹ́ sí yín kò mọ̀, ẹni tó fi ránṣẹ́ sí òun náà kò mọ̀. Ìyá náà sì lè ti kú. Ohun tí àwa olùkọ́ èdè méjì, Ògù kan àti Yorùbá kan, fẹ́ sọ nínú lẹ́tà yìí kò jù báyìí lọ: ohùn tí à ń gbà sílẹ̀ pọ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni lè lò lọ́la kò tó nǹkan, àtúnṣe rẹ̀ kò sì gba owó púpọ̀.

Fún àwọn tí kò gbé ọ̀dọ̀ wa: Ògù ni èdè tí ọ̀pọ̀ Yorùbá ń pè ní Ègùn, tí àwọn onímọ̀ èdè ń pè ní Gun tàbí Gungbe. Ó jẹ́ ọmọ ìyá Fọ̀n, Ajá àti Ewe, àwọn èdè tí onímọ̀ Hounkpati Capo kó pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo, Gbe. Ohùn tàbí èdè náà ni ọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí. Wọ́n ń sọ Ògù ní Àgbádárígì, wọ́n ń sọ ọ́ lápá Ìpókíá ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ó gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá dé Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin. Nítorí pé ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Àjàṣẹ́, àwọn kan ní kí a má ṣe yọ ara wa lẹ́nu. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí ará Ajárá ní Àgbádárígì ṣe ń sọ ọ́ yàtọ̀ sí ti Àjàṣẹ́, àwọn ẹ̀ka mìíràn bíi Toli, Seto àti Wheda sì ní bí wọ́n ṣe ń sọ tiwọn. Faransé ló wọnú èyí tó wà lọ́hùn-ún, Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì ló wọnú tiwa. Bí ti ibí bá lọ, ti ọ̀hún kò lè dá a padà.

Àwa Yorùbá ń ké pé Gẹ̀ẹ́sì ń jẹ èdè wa run, ẹ̀tọ́ wa sì ni. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Abala 55 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 dárúkọ Haúsá, Ìgbò àti Yorùbá mọ́ Gẹ̀ẹ́sì fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀, kò dárúkọ ẹlòmíràn. Ní ọdún 2018, Ìpínlẹ̀ Èkó ṣòfin tó sọ ẹ̀kọ́ Yorùbá di dandan nílé ìwé. A yọ̀ sí i, ó yẹ kí a yọ̀. Ọmọ Ògù tó jókòó nínú kíláàsì kan náà wá ń kọ́ èdè méjì tí kì í ṣe ti ìyá rẹ̀. Ìlànà ọdún 2022, tó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìjọba tún kéde ní oṣù kọkànlá ọdún 2025 pé òun ti fagi lé e. Ìdí nìyí tí a kò fi lè jókòó máa retí ilé ìwé.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí iṣẹ́ gan-an. Ohun tó kọ́kọ́ ń bàjẹ́ ni ohun tí a yàn láti gbà sílẹ̀. Orin ló rọrùn jù, orin ló sì pọ̀ jù. Orin dára, ṣùgbọ́n ó máa ń fa ohùn ọ̀rọ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún kí ó lè bá ìlù mu, nítorí náà ẹ kò lè ti inú rẹ̀ mọ bí obìnrin ṣe ń bi aládùúgbò rẹ̀ bóyá ó ní ṣéńjì. Iṣẹ́ ọwọ́ ni kí ẹ lọ bá. Ẹ mú àdín àgbọn. Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ ìyá kan pé kí ni wọ́n ń pe àgbọn, ọ̀rọ̀ kan lẹ máa gbà. Bí ẹ bá jókòó tì í láti ìgbà tó ti ń bó o, tó ń fọ́ ọ, tó ń yọ inú rẹ̀, tó ń rin ín, tó ń fún un, tó ń sẹ́ ẹ, tó gbé e kaná, títí tó fi ré àdín lójú rẹ̀, ẹ máa gba ọ̀rọ̀-ìṣe rẹpẹtẹ pẹ̀lú orúkọ ìdọ̀tí àti ìfófòó kọ̀ọ̀kan, àti ohun tí wọ́n ń sọ nígbà tí iná bá pọ̀ jù tí ó fẹ́ jó. Bákan náà ni ẹní híhun, iyọ̀ sísè, àti àwọn ọkùnrin tó ń tún àwọ̀n ṣe ní erékùṣù Gbérẹ́fù.

Kí ẹni méjì tó gbọ́ èdè náà dọ́ba máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí ó bá jẹ́ ọ̀dọ́ tí kò gbọ́ ọ dáadáa ló ń bi àgbàlagbà léèrè, àgbàlagbà yóò máa gé ọ̀rọ̀ kúrú, yóò máa wá èyí tó rọrùn. Bí Yorùbá bá wà níbẹ̀, ó tún burú jù, torí pé ọmọlúàbí ni àwọn àgbà Ògù: wọn kì í fẹ́ kí àlejò jókòó láìgbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, kíá ni wọ́n máa yí sí Yorùbá. Yorùbá tó bá ni ẹ̀rọ, kí ó tò ó, kí ó tẹ̀ ẹ́, kí ó bọ́ síta.

Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lẹ fẹ́ gbà, ẹ ní kí ó pe ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta. Ti àárín ni kí ẹ mú, nítorí ohùn máa ń ga sí i níbi àkọ́kọ́, ó sì máa ń rẹlẹ̀ níbi ìkẹyìn, ìyẹn sì máa ń ṣi akọ̀wé lọ́nà lórí àmì ohùn. Lẹ́yìn náà, kí ó fi ọ̀rọ̀ náà sínú gbólóhùn.

Kí a tó tẹ nǹkan kan, ìyọ̀ǹda ńkọ́? Kí ó wà lórí ohùn, ní èdè Ògù: ẹni tó ń gbà á, ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe, ta ni yóò gbọ́ ọ, pé ó lè ní kí wọ́n pa á rẹ́ lọ́la. Àwọn nǹkan kan wà tí kì í ṣe ti gbogbo ènìyàn. Ohun tó jẹ́ ti inú nínú ọ̀rọ̀ Zàngbétọ́, eégún Ògù tó ń ṣọ́ ìlú lóru, bí àwọn tó ni ín bá ní kí a má gbà á, kí a gbé ẹ̀rọ kúrò nílẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí a gbà á ṣùgbọ́n kí ó má jáde, kí fáìlì rẹ̀ wà lọ́tọ̀, kí a kọ ọ́ sí i lára. Ẹni tó bá tan àgbà jẹ lórí èyí ti ba ọ̀nà jẹ́ fún gbogbo àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹ̀rọ kò le. Fóònù tó mọ́yán lórí tó, bí ẹ bá fi áàpù tó ń gba ohùn ní WAV (fáìlì ohùn tí a kò fún pọ̀) sí i, ní 48 kHz àti bíìtì 24. Bí ẹ bá gbà á ní mono (ìkànnì ohùn kan ṣoṣo), wákàtí kan yóò gba nǹkan bí mẹ́gábáìtì 520, nítorí náà mẹ́mọ́rì káàdì 32GB gba nǹkan bíi wákàtí 60. Ẹ má fi fóìsì nóòtù WhatsApp ṣe é, ó máa ń fún ohùn pọ̀, àwọn ìró bíi s, z, f àti v ló sì máa ń kọ́kọ́ jìyà. Ẹ fi fóònù sí ipò ọkọ̀ òfuurufú kí ìpè má bàa já iṣẹ́ lù. Kí máìkì jìnnà sí ẹnu tó sẹ̀ǹtímítà 20, ìyẹn láti orí àtàǹpàkò dé orí ìka kékeré bí ẹ bá la ọwọ́, kí ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ kí èémí ẹnu má máa bà á. Ẹ má gbé e lé tábìlì lásán. Ẹ ká aṣọ ìró sábẹ́ rẹ̀. Yàrá tó ní ẹní, bẹ́ẹ̀dì àti kọ́tìnnì dára ju pálọ̀ alátáìsì tí ohùn ti ń dún padà lọ. Ní etí òkun, fóòmù lórí máìkì di dandan nítorí atẹ́gùn. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ sórí páànù, ẹ dúró. Ẹ pa fáànù, ẹ yọ fíríìjì, kí ẹ sì fi kọ́kọ́rọ́ ilé yín sínú fíríìjì náà kí ẹ má bàa gbàgbé láti tan án padà kí ẹ tó máa lọ. Ẹja oníẹja lè bàjẹ́.

Ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo ohùn, kí olùgbà sọ ọjọ́, ìlú, orúkọ ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ̀ka Ògù tó ń sọ, àti ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe. Ìṣẹ́jú àáyá 20 kò jẹ́ nǹkan kan, òun ló sì ń gba fáìlì là nígbà tí ìwé bá sọnù. Kí orúkọ fáìlì rí báyìí: guw_20260314_ajara_adin-agbon_01.wav. Àmì mẹ́ta tí gbogbo ayé fi mọ èdè Ògù ni guw. Ẹ má fi àyè sílẹ̀ láàárín, ẹ má fi àmì ohùn sí orúkọ fáìlì, torí kọ̀ǹpútà mìíràn kì í lè ṣí i. Nínú ìwé, ẹ kọ ọjọ́ orí, ibi tí wọ́n bí i sí, èdè ìyá rẹ̀, àti ibi tó ti gbé pẹ́. Obìnrin Seto tó lọ́kọ sí Ajárá lè máa pa méjèèjì pọ̀. Bí a kò bá kọ ọ́, ẹlòmíràn yóò pe àdàpọ̀ yẹn ní Ògù Ajárá.

Àdàkọ ni iṣẹ́ náà gan-an. Ìṣẹ́jú kan lè jẹ wákàtí kan bí a bá fẹ́ kọ ọ́, kí a fi àmì ohùn sí i, kí a túmọ̀ rẹ̀. Wákàtí 10 ohùn di wákàtí 600 iṣẹ́. Ìdí nìyí tí ó fi sàn kí ẹ gba wákàtí méjì, kí ẹ sì kọ ọ́ tán, ju kí ẹ gba 50 tí yóò sùn sínú káàdì. ELAN, tí ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí Max Planck ní Nijmegen ṣe, jẹ́ ọ̀fẹ́. Ó máa ń so ìlà ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́ ibi tí ó ti jáde nínú ohùn. Bí kò bá sí ẹni tó lè kọ ọ́, ẹ ní kí ẹni tó gbọ́ èdè náà máa tẹ́tí sí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kí ó tún un sọ díẹ̀díẹ̀ sínú fóònù kejì, kí ó sì túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kọ lè wá kọ ọ́ lẹ́yìn náà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Yorùbá tó bá ń kọ Ògù, kí ó ṣọ́ra fún etí ara rẹ̀. A kò ní v, a kò ní z, nítorí náà f àti s la máa ń kọ. P tiwa, kp ni, bí a bá sì kọ ọ́ ní p lásán, ẹni tó wá láti Benin yóò pè é bí p òyìnbó. Àmì ohùn sì ńkọ́? Azọ́n ni iṣẹ́, azọ̀n ni àìsàn. Bí a bá kọ azon, tí bàbá kan ń sọ ohun tó gba ogójì ọdún lọ́wọ́ rẹ̀, ta ni yóò mọ èwo nínú méjèèjì? Otọ́ ni bàbá, tọ̀ ni odò. Àwa tí à ń jà pé kí wọ́n máa fi àmì sórí Yorùbá, ó yẹ kí èyí yé wa ju ẹnikẹ́ni lọ.

Ọ̀rọ̀ àkọtọ́ tún wà. Níbí, ẹ àti ọ la fi ń kọ ọ́. Ní Benin, ɛ àti ɔ, pẹ̀lú x níbi tí a ti ń kọ h. Orúkọ tí Ògù ń pe Àjàṣẹ́ fúnra rẹ̀, Họgbonu ni níbí, Xɔgbonu ni lọ́hùn-ún. Àwọn kan ní kí a kọ́kọ́ fẹnu kò ná. Láti ìpàdé àwọn ajíhìnrere CMS lórí àkọtọ́ Yorùbá ní Èkó ní 1875 títí dé àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974, ọdún 99 ni. Ẹ yan ọ̀kan, ẹ kọ ọ́ sára fáìlì pé òun lẹ lò, ẹ má sì yà kúrò nínú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà yóò yí i padà ní ìṣẹ́jú kan bí ó bá ṣe déédéé. Bí ó bá jẹ́ àdàpọ̀, kò sí ẹ̀rọ tó lè tú u.

Ní ti ìpamọ́: ẹ̀dà mẹ́ta, lórí oríṣi ohun èlò méjì, kí ọ̀kan má sí ní Àgbádárígì rárá. Iyọ̀ inú atẹ́gùn wa ń jẹ irin, ó ń jẹ ẹnu káàdì pẹ̀lú. Ẹ fi àwọn àpò kékeré tó ń fa ọ̀rinrin, irú èyí tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, sínú ike tí ẹ ń kó o sí. ELAR, ilé ìpamọ́ èdè tó ti London kó lọ sí Berlin, máa ń jẹ́ kí ẹni tó kó ohùn wá sọ ẹni tó lè gbọ́ ọ. Kí ẹni tó sọ̀rọ̀ náà gba ẹ̀dà tirẹ̀ lórí káàdì.

Abala 97 nínú ìwé òfin fún ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ láyè láti fi èdè mìíràn kún Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà àwọn aṣojú Àgbádárígì lè gbé ọ̀rọ̀ Ògù dìde níbẹ̀ láìdúró de Àbújá. Ní tiyín, Olóòtú, a ń bẹ̀bẹ̀ fún ìdámẹ́rin ojú ewé kan lóṣù fún èdè Ògù. A fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti orí àdúgbò mẹ́jọ ìlú náà: Ahovikoh, Boekoh, Jegba, Posukoh, Awhanjigoh, Asago, Whalako àti Ganho. Gbogbo ènìyàn ló ń pe Ahovikoh lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn tó ń pè é ló mọ̀ pé ahọ́vi, ọmọ ọba, ló wà nínú rẹ̀? A ó máa fi orúkọ kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀, àti àdúgbò àgbà tó sọ ọ́ fún wa. Ẹ jọ̀wọ́, kí àwọn atẹ̀wé yín má yọ àmì náà.

Àwa olùkọ́ èdè méjì, ọ̀kan Ògù, ọ̀kan Àwórì,
Ajárá, Àgbádárígì.