Ẹ má fi ife-ẹ̀yẹ nìkan wọn àwọn ọ̀gá bank pool

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń kọ̀wé yìí lórí àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lójú ìwé eré ìdárayá nípa àwọn ọ̀gá bank pool ní Amẹ́ríkà. Inú mi dùn gan-an pé ìwé ìròyìn Yorùbá tilẹ̀ ráyè fún eré yìí. Tábìlì tí gbogbo wa ń pè ní snúkà nílé, tí wọ́n ń gbé síwájú ṣọ́ọ̀bù àti sábẹ́ ìbòòji, orí rẹ̀ náà ni wọ́n ti ń gbá a, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wa ló mọ̀ ọ́n. Ibi tí akọ̀ròyìn yín fi àbọ̀ ọ̀rọ̀ sí ni mi ò fara mọ́. Ó ní John Brumback, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá òde òní, ló mọ̀ ọ́n gbá ju gbogbo àwọn tó ṣáájú rẹ̀ lọ, nítorí pé ife-ẹ̀yẹ rẹ̀ wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ rí i, àti pé ohun tí wọ́n ń sọ nípa Eddie Taylor àti Bugs Rucker, àwọn ọ̀gá àtijọ́ méjì, ìtàn ẹnu àwọn àgbà ni. Mo ti ń bá àwọn àgbà wọ̀nyẹn jókòó ní Chicago níbí ó ti pẹ́, ọ̀rọ̀ náà sì dùn mí.

Kí ẹni tí kò mọ eré náà lè bá mi lọ, ìlànà rẹ̀ kò pọ̀. Bọ́ọ̀lù kankan kò gbọdọ̀ lọ tààrà sínú ihò. O ní láti gbá a lu rọ́bà etí tábìlì, kó padà wá wọ ihò tí o ti dárúkọ sílẹ̀. Kò gbọdọ̀ fara kan bọ́ọ̀lù mìíràn lọ́nà. Bó bá fara kàn án, tó tún wọlé, wọn ò ní kà á fún ọ, wọ́n á gbé e padà sórí tábìlì. Nínú eré àtijọ́, bọ́ọ̀lù 15 ni wọ́n ń tò, ẹni tó bá kọ́kọ́ kó 8 ló jẹ. Nínú èyí tí wọ́n ń gbá níbi ìdíje Derby City Classic, tó bẹ̀rẹ̀ ní Louisville ní ìpínlẹ̀ Kentucky ní 1999, bọ́ọ̀lù 9 ni, ẹni tó bá kó 5 ló jẹ.

Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe akọ̀ròyìn yín ti bẹ̀rẹ̀, torí ó sọ̀rọ̀ bí ẹni pé eré kan náà ni. Nígbà tí bọ́ọ̀lù 15 bá wà lórí tábìlì, ojú ọ̀nà kì í là. Bọ́ọ̀lù tí o fẹ́ lè dára lójú, kí òmíràn sì dúró síbi tó máa gbà padà bọ̀ láti ara rọ́bà. Ó lè pẹ́ kó o tó rí èyí tó tó gbá, nítorí náà iṣẹ́ rẹ tó pọ̀ jù ni ibi tí wàá fi bọ́ọ̀lù funfun sí fún ẹni kejì: kó má rí nǹkan kan gbá, tàbí kó jẹ́ èyí tó le koko ló máa gbá, tí bó bá tàsé, á ṣílẹ̀kùn fún ọ. Bọ́ọ̀lù 9 kò rí bẹ́ẹ̀. Tábìlì ṣí sílẹ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí àyè lè kó márààrún kí ẹnì kejì tó dìde lórí ìjókòó. Ó ń fẹ́ ojú tó mú àti ọwọ́ tí kì í gbọ̀n. Èyí àtijọ́ ń fẹ́ ìyẹn náà, ó sì tún ń fẹ́ sùúrù. Bí a bá wá gbé iye bọ́ọ̀lù tí Brumback ń kó tẹ̀léra lónìí síwájú Taylor, kí la fi wé kí ni?

Ẹ jẹ́ ká wo tábìlì fúnra rẹ̀. Aṣọ tó wà lórí tábìlì nígbà ayé Taylor nípọn, ó nírun, bọ́ọ̀lù kì í sáré lórí rẹ̀. Ti òde òní tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ń dán. Tìtì díẹ̀ báyìí, bọ́ọ̀lù ti lọ ó ti bọ̀. Bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ ti yàtọ̀, wọ́n mọ́ ju ti àtijọ́ lọ, wọ́n sì bára wọn mu. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré nínú bank. Bọ́ọ̀lù tí o bá gbá jẹ́ẹ́jẹ́ ń yí lọ bá rọ́bà ni. Nígbà tó bá kúrò níbẹ̀, yíyí yẹn ṣì wà lára rẹ̀, á máa tì í síwájú, igun tó bá jáde á fẹ̀ sí i. Bí o bá fi agbára gbá a, kò tíì ráyè máa yí tó fi dé ibẹ̀, rọ́bà á wọnú, igun náà á sì kúrú. Bí òjò bá wá ń rọ̀, tí ọ̀rinrin wọ aṣọ, igun á tún kúrú ju bí o ṣe rò lọ. Ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, pẹ̀lú agbára mẹ́ta, ó lè dé ibi mẹ́ta. Àwọn tó ń kọ́ ọmọ ní ilé ìwé pé igun tó wọlé ni igun tó máa jáde, òtítọ́ ni wọ́n ń sọ fún ìwé, kì í ṣe fún tábìlì.

Bàbá kan wà ní gbọ̀ngàn tí mo máa ń lọ ní South Side, ní Chicago níbí. Kó tó bá ẹnikẹ́ni gbá, á fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan aṣọ ní ẹ̀gbẹ́ rọ́bà, á fi ọwọ́ ju bọ́ọ̀lù kan síbẹ̀ láìlo ọ̀pá, á wò ó títí á fi dúró. Á tún gbé e lọ sí ìhà kejì, á ṣe bákan náà. Kì í sọ nǹkan kan. Ìgbà tí ó bá tó bẹ́ẹ̀ ló tó tú ọ̀pá rẹ̀ jáde nínú àpò. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, tí tábìlì kọ̀ọ̀kan ní ìwà tirẹ̀, ni àwọn Taylor ti jẹun. Ẹni tó wọ ìlú onílùú ní Tennessee tàbí ní Ohio, tí owó wà nílẹ̀, tí kò tíì rí tábìlì náà rí, ní láti ka tábìlì yẹn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Níbi ìdíje òde òní, aṣọ kan náà ni wọ́n tẹ́ sórí gbogbo rẹ̀.

Ẹ wo bọ́ọ̀lù kan tó wà ní ìwọ̀n ìka méjì sí etí tábìlì gígùn, tí bọ́ọ̀lù funfun sì dojú kọ ọ́ gbọnrangandan. Bó o bá gbá a láàárín, á lu rọ́bà, á padà wá kọlu bọ́ọ̀lù funfun kí ìyẹn tó kúrò lọ́nà. Gbogbo ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ló ti rí i rí. Ohun tí ọ̀gá ń ṣe ni pé á gé e díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kí ọ̀nà lè là. Ṣùgbọ́n gígé yẹn ti bá igun jẹ́. Á wá fi ìyí sí ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀lù funfun láti fi tún un ṣe, á sì yan agbára tó máa mú un dé ihò. Nǹkan mẹ́ta ló ń ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì tún ti mọ ibi tí bọ́ọ̀lù funfun máa dúró sí.

Mo fẹ́ kí akọ̀ròyìn yín tún ṣàtúnṣe sí ibì kan. Ó fi ohun tí Efren Reyes, ọmọ Philippines, ṣe ní Reno ní Amẹ́ríkà ní 1995, nígbà tó ń bá Earl Strickland gbá, ṣe àpẹẹrẹ bank. Kì í ṣe bank. Bọ́ọ̀lù funfun ló kọ́kọ́ lọ lu etí tábìlì kó tó wá bá èyí tó fẹ́ gbá. Iṣẹ́ ìyanu ni lóòótọ́, Efren kò sì ní ẹlẹgbẹ́ nínú irú rẹ̀, àmọ́ nínú bank pool, bọ́ọ̀lù tí o fẹ́ kó wọlé ló ní láti lu rọ́bà. Ẹni tí kò bá ya méjèèjì sọ́tọ̀ kò tíì lè sọ fún wa ẹni tó mọ̀ ọ́n jù.

Ọ̀rọ̀ ife-ẹ̀yẹ ló wá kàn. Yorùbá ní agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Níbo ni Taylor ìbá ti gba ife bank? Ìdíje tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Jansco dá sílẹ̀ ní Johnston City ní Illinois ní 1961, tó kó àwọn ọ̀gá tábìlì jọ, one-pocket (tí kálukú ní ihò kan ṣoṣo tirẹ̀) ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, nine-ball (tí wọ́n ń tẹ̀lé nọ́ńbà ara bọ́ọ̀lù gbá) àti straight pool (tí wọ́n ń ka iye bọ́ọ̀lù tó wọlé) sì tẹ̀lé e. Bank kò sí lára eré mẹ́ta tí wọ́n fi ń mọ ọ̀gá níbẹ̀. Eré owó ni bank, Kentucky, Tennessee, Ohio àti Chicago ni ilé rẹ̀, òru ni wọ́n sì ń gbá a. Kò sí akọ̀wé níbẹ̀. Àwọn tó bá Taylor gbá, tí wọ́n sì pàdánù owó wọn, àwọn ni ẹlẹ́rìí.

Ti Bugs Rucker tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí aláwọ̀ dúdú ni. Ẹ rántí Cisero Murphy, ọmọ Brooklyn. Ọdún púpọ̀ ni wọn ò fi pè é síbi ìdíje ńlá nítorí àwọ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n jàjà gbà á wọlé ní Burbank ní California ní 1965, ìgbà àkọ́kọ́ tó wọ̀ ọ́ náà ló gba ife àgbáyé straight pool. Èèyàn mélòó ló tó bẹ́ẹ̀, tí wọn ò ṣílẹ̀kùn fún rí? Mi ò lè gbọ́ kí ọmọ Yorùbá, nínú ìwé ìròyìn Yorùbá, sọ pé aláwọ̀ dúdú kan kò tó nǹkan nítorí pé ife kò sí nílé rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń dá irú wọn padà.

Mi ò bu Brumback kù o. Ó ti gba ti bank ní Derby City ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, Shannon Daulton náà sì ti gbà á ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ kún fún àwọn tí kì í tàsé. Mo tilẹ̀ gbà pé àwọn tòde òní gbá bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ṣe déédéé ju àwọn àgbà lọ. Wọ́n ní fídíò, wọ́n lè wo bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo títí ilẹ̀ á fi mọ́. Nígbà Taylor, ohun tí ọ̀gá mọ̀ ni oúnjẹ rẹ̀, kò ní fi han ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí àwọn bíi Freddy Bentivegna ti Chicago bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sílẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àṣírí rẹ̀ tó tú síta.

Bí ẹ bá wá bi mí, èyí ni tèmi. Ní bọ́ọ̀lù 9, lórí aṣọ tó ń dán, Brumback ni mo máa fowó mi tì lẹ́yìn, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ní bọ́ọ̀lù 15, lórí tábìlì tí ẹnì kankan nínú wọn kò rí rí, Taylor ni. Chicago ni mò ń gbé, mo sì mọ̀ pé àwọn bàbá ibí máa bínú pé mi ò mú Bugs. Ìdí mi ni pé Taylor ló ṣáájú Bugs lójú ọ̀nà náà. Bugs bá ọ̀nà náà nílẹ̀, ó sì rìn ín dé ibi tó jẹ́ pé, tí ẹ bá ní òun ni àkọ́kọ́, mi ò ní pariwo. Ẹni tí mo rò pé ó yẹ kí akọ̀ròyìn yín lọ bi ni Nick Varner, ọmọ Owensboro ní Kentucky. Ó gba US Open nine-ball ní 1989 àti 1990, wọ́n sì mọ̀ ọ́n dáadáa nínú bank. Ó gbá eré lórí aṣọ àtijọ́, ó gbá a lórí ti òde òní. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ á wúlò ju tèmi àti ti akọ̀ròyìn yín lọ.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Bí ẹ bá tún fẹ́ fi wọ́n wéra, ẹ kọ irú eré tí kálukú gbá síbẹ̀, bọ́ọ̀lù 15 ni tàbí 9, kí ẹ sì kọ ọdún rẹ̀. Ẹ tún rán ẹnì kan wá sí Chicago pẹ̀lú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀. Àwọn tó fojú rí Bugs nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì dá ṣáká ti ń dínkù. Mo mọ ibi tí wọ́n máa ń jókòó sí, mo sì ṣe tán láti mú un lọ bá wọn.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín kan ní Chicago