Iná kì í dín ìdènà gbogbo irin kù

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún wa láyè láti ṣàtúnṣe ọ̀rọ̀ kan tó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn tó ń fi wáyà ṣiṣẹ́: pé bí a bá fa wáyà nígbà tó tutù, ìdènà rẹ̀ sí iná mànàmáná á pọ̀ sí i, bí a bá sì fi iná mú un rọ̀, á dín kù. Òótọ́ ni fún bàbà. Ti nichrome, àdàlù níkẹ̀lì àti kirómíọ̀mù, yàtọ̀ pátápátá.

Ẹni tó bá fa wáyà títí ìbú rẹ̀ fi ku ìdajì, gígùn rẹ̀ á di ìlọ́po 4, ìdènà rẹ̀ á di ìlọ́po 16. Gígùn àti títínrín ló fa ìyẹn. Ìdènà àdámọ́ irin náà gan-an kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà: ti bàbà tó le nítorí fífà fi bí ìdá 2 sí 3 nínú 100 ju ti bàbà rírọ̀ lọ, torí pé fífà ti da ìlà àwọn átọ́ọ̀mù rẹ̀ rú.

Ibí ni wíwọ̀n ti ń tan èèyàn jẹ. Wáyà bàbà rírọ̀ onímítà 10, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 1, ní ìdènà bí 0.22 ohm (òṣùwọ̀n ìdènà) ní 20°C. Ìyàtọ̀ tí à ń wá kò ju nǹkan bí 0.007 ohm lọ, ìdènà okùn mítà nìkan sì ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ẹ lo okùn 4: kí 2 gbé iná mànàmáná wọlé, kí 2 yòókù wọn fóltéèjì. Ẹ sì jẹ́ kí wáyà tutù tán, torí bó bá fi 5°C péré gbóná jù, ìdènà bàbà á ti fi bí ìdá 2 nínú 100 lé.

Nínú nichrome, tó jẹ́ níkẹ̀lì 80 àti kirómíọ̀mù 20 nínú 100, bí ẹ bá gbé e sínú iná 400 sí 500°C, àwọn átọ́ọ̀mù á to ara wọn ní ìtò kan tó ń gbé ìdènà sókè. Fífà ló ń tú ìtò náà ká, tí ìdènà fi ń wálẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe gé e sí ìwọ̀n kí ẹ tó parí iṣẹ́ iná.

Bàbà tí ọ́síjìn wà nínú rẹ̀ kò gbọdọ̀ rí iná nínú háídrójìn. Ooru omi ni méjèèjì máa dì sínú rẹ̀, wáyà á sán, ìdènà á sì lọ sókè. Bákan náà, bí iná bá bó èèpo dúdú (ojú irin tó ti jóná) kúrò lára wáyà, ó ti tín-ín-rín nìyẹn; ẹ tún ìbú rẹ̀ wọ̀n kí ẹ tó ṣírò.

Àwa òṣìṣẹ́ irin àti wáyà