Èbù Tó Ń Jẹrà Lọ́wọ́ Wa Wà Lára Ohun Tó Sọ Iṣu Di Ọ̀wọ́n

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo ka ohun tí ẹ kọ lórí bí iṣu ṣe wọ́n ní àwọn ọjà Èkìtì, níbi tí ẹ ti mẹ́nu ba owó ọkọ̀, owó ajílẹ̀ àti owó àwọn tó ń kọ ebè. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan kù, tí àwa àgbẹ̀ fúnra wa kì í fẹ́ sọ síta, òun ni èbù, ìyẹn iṣu tí à ń tọ́jú pamọ́ láti gbìn, tó ń jẹrà mọ́ wa lọ́wọ́ láàárín ìgbà tí a bá wa iṣu tán àti ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá dé. Ẹni tó bá kọ ebè ní mítà kan sí mítà kan yóò ní ebè 10,000 lórí hẹ́kítà kan, ebè kọ̀ọ̀kan yóò sì béèrè èbù tirẹ̀. Bí ìdá kan nínú mẹ́ta èbù náà bá ti rà, owó ni àgbẹ̀ yóò fi ra òmíràn ní àsìkò tí gbogbo ayé ń wá èbù, owó náà kò sì ní ṣàì hàn lórí iṣu tí ẹ óò rà lọ́dún tó ń bọ̀.

Inú ebè ni ìtọ́jú èbù ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí a bá fẹ́ jẹ iṣu tuntun ní oṣù Agẹmọ tàbí Ògún, ẹ̀gbẹ́ kan ebè ni à ń tú. A ó gé iṣu náà lábẹ́ orí rẹ̀, a kò ní já ìtàkùn, a kò ní fa gbòǹgbò tu, a ó sì da iyẹ̀pẹ̀ padà bo orí náà dáadáa. Níwọ̀n ìgbà tí ewé bá ṣì tutù lórí ọ̀pá, iṣẹ́ ló ń ṣe: oúnjẹ tó ń pèsè ń sọ̀ kalẹ̀ sí orí tí a fi sílẹ̀, ìyẹn ni orí náà fi ń bí èbù wẹ́wẹ́. Ẹni tó bá wá gé ìtàkùn náà dànù ní tútù, nítorí pé ó ti rí iṣu jẹ, ti gé ọdún tó ń bọ̀ dànù pẹ̀lú rẹ̀. Kí a jẹ́ kí ewé pọ́n, kí ìtàkùn sì gbẹ, ní nǹkan bí oṣù Bélú tàbí Ọ̀pẹ, kí a tó wa èbù. Èyí tí kò tíì gbó, èèpo rẹ̀ a máa bó bí a bá ti fọwọ́ kàn án, ibi tó bó yẹn sì ni ìjẹrà ń gbà wọlé.

Bí a bá wà á tán, kí a má fi í sílẹ̀ nínú oòrùn. Èyí tí ọkọ́ bá ṣá, kí a yà á sọ́tọ̀ sábẹ́ ibòji, kí a fi koríko bò ó fún ọjọ́ mélòó kan kí ooru àti ọ̀rinrin díẹ̀ lè wà lára rẹ̀, nítorí iṣu a máa wo egbò ara rẹ̀ sàn bí a bá fún un láyè. Lẹ́yìn náà ni kí a ṣà wọ́n. Kí a fi èékánná ha èèpo èbù díẹ̀díẹ̀: bí abẹ́ rẹ̀ bá funfun, tó sì tutù, ó dára; bí a bá rí àmì tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tàbí èyí tó ti ń dúdú lọ lábẹ́ èèpo, aràn tíntín tí ojú kò lè rí ti wọ̀ ọ́. Scutellonema bradys ni àwọn onímọ̀ ń pe aràn náà. Láti inú ilẹ̀ ló ti ń wọ inú iṣu, kì í sì í kú bí a bá kó iṣu wọlé; inú ọgbà tí à ń kó iṣu pamọ́ sí ló ti ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, bí a bá sì gbin irú èbù bẹ́ẹ̀, a ti fọwọ́ ara wa gbin aràn sínú ebè tuntun. Irú èbù bẹ́ẹ̀, kí a sè é jẹ níwọ̀n ìgbà tó ṣì dára ní jíjẹ.

Ní ti ibi ìpamọ́, afẹ́fẹ́ àti ibòji ni èbù ń fẹ́. Ó ń mí. Bí a bá dì í sínú àpò tàbí tí a kó o jọ gègèrè sí kọ̀rọ̀ yàrá, ooru ara rẹ̀ ni yóò pa á. Pẹpẹ ọparun tí a tò ó sí ní ìpele kan tàbí méjì, kí wọ́n má tẹ ara wọn jù, ti tó, kí a sì fi páànù wé ẹsẹ̀ pẹpẹ náà kí eku má lè gùn ún. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má gbé e sínú fíríìjì, nítorí òtútù tó bá ti lọ sísàlẹ̀ ìwọ̀n 12 lórí òṣùwọ̀n Celsius máa ń ba iṣu jẹ́ láti inú wá. Eérú tó kúnná ni kí a fi pa ojú ibi tí a bá gé. Àwọn kan ń da oògùn apakòkòrò sí i lára láìsọ fún ará ilé. Ọmọ tí ebi bá ń pa kò mọ èyí tó jẹ́ èbù yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ oúnjẹ, èmi kò sì rí ìdí tí a fi ní láti fi ẹ̀mí ṣeré bẹ́ẹ̀.

Àǹfààní wà nítòsí wa. Fásitì Ìjọba Àpapọ̀ ti Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn ní Ìkọ̀lé, àwọn òṣìṣẹ́ ADP, ìyẹn ètò ìjọba fún ìdàgbàsókè iṣẹ́ ọ̀gbìn, sì ń rìn káàkiri àwọn oko wa. Tí wọ́n bá tilẹ̀ lè ṣe pẹpẹ kan ṣoṣo sí ìtòsí ọjà kan, kí àwọn àgbẹ̀ máa wá wò ó láti oṣù Ọ̀pẹ títí di àsìkò ìgbìn, yóò ṣe wá láǹfààní ju ìpàdé inú gbọ̀ngàn lọ. Ohun tí mo sì ń bẹ̀ ẹ̀yin Olóòtú fún ni pé kí ojú ìwé àgbẹ̀ yín sọ̀rọ̀ lórí èbù ní oṣù Bélú, nígbà tí iṣu ṣì wà nínú ebè, kí ó má jẹ́ oṣù Ẹrẹ́nà, nígbà tí èyí tó máa rà ti rà tán.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Àgbẹ̀ oníṣu kan,
Ìkọ̀lé-Èkìtì.