Ẹ Má Da Oògùn Olómi Sínú Sìmẹ́ńtì Egungun

Olóòtú wa,

Ẹ fún wa láyè ká sọ̀rọ̀ lórí irin àti oríkèé àtọwọ́dá tí wọ́n ń fi sínú ara. Kòkòrò àrùn tètè máa ń lẹ̀ mọ́ ara irin. Tó bá ti rí ibẹ̀ bà sí, yóò fi nǹkan tó ń yọ̀ bí omi ilá bo ara rẹ̀, oògùn tí aláìsàn ń gbé mì kò sì ní rí i mú dáadáa. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń po oògùn mọ́ sìmẹ́ńtì egungun, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń di oríkèé àtọwọ́dá mọ́ egungun, kí oògùn náà máa jáde díẹ̀díẹ̀ níbi tí wàhálà wà gan-an.

Níbi pípò yìí ni àṣìṣe wà. Oògùn oníyẹ̀fun ni kí ẹ lò. Oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn ni gentamicin, rifampicin àti vancomycin. Gentamicin olómi ń sọ sìmẹ́ńtì di ẹlẹgẹ́. Rifampicin ńkọ́? Kì í jẹ́ kó dì, bí ẹ̀kọ tí iná kò ká. Fún gíráàmù 40 sìmẹ́ńtì tí yóò di oríkèé mú, gíráàmù 1 sí 2 vancomycin tó. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, sìmẹ́ńtì lè sán. Ẹ kọ́kọ́ ro ìyẹ̀fun méjèèjì, ti oògùn àti ti sìmẹ́ńtì, pọ̀ ní gbígbẹ, ẹ fọ́ kóró inú rẹ̀, kí ẹ tó da omi tí wọ́n fi ń po sìmẹ́ńtì náà sí i.

Ní ti irin tí wọ́n kun hydroxyapatite, èròjà tó jọ ti egungun, sí lára, ẹ má fi gọ́ọ̀sì nù ún: òwú yóò há sí i lára.

Àwa òṣìṣẹ́ yàrá iṣẹ́ abẹ,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn