Ẹ Má Gba Iṣẹ́ Lọ́wọ́ Àgbà

Ẹ̀yin ọmọ wa lọ́kùnrin lóbìnrin,

Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé mi ní Òmù-Àrán ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Mo kí yín, mo kí ará ilé yín. Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Nígbà tiwa, òfin iṣẹ́ ọba ni pé ẹni tó bá pé ọmọ ọdún 60, tàbí tó bá lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, yóò lọ sinmi, èyí tó bá kọ́kọ́ pé nínú méjèèjì. Ní ọdún 2022 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tó sún ti olùkọ́ sí ọdún 65, tàbí ọdún 40 lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n mo ti kúrò níbẹ̀ kí ó tó dé. Ní ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì, mo jí ní agogo márùn-ún àbọ̀ bí ìṣe mi, mo wẹ̀, mo wọ ṣòkòtò tí mo ti gbé kọ́ láti alẹ́ ọjọ́ Àìkú, mo so okùn bàtà mi, mo wá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Ibẹ̀ ni mo wà títí oòrùn fi gba ojú fèrèsé wọlé, nítorí kò síbi tí wọ́n ti ń retí mi.

Àwọn ọmọ mi ṣe ohun tí ọmọ rere ń ṣe. Wọ́n fi owó ránṣẹ́, wọ́n ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n ra àga onítìmùtìmù, wọ́n sì ní n kò gbọdọ̀ dé oko mọ́. Ọkọ́ tí mo fi ń kọ ebè lẹ́yìn ilé, wọ́n fi ta ẹlòmíràn lọ́rẹ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ọpẹ́ àtọkànwá ni. Ṣùgbọ́n kí oṣù mẹ́ta tó pé, mo ti ń gbàgbé ọjọ́ tí a wà, nítorí pé òní kò yàtọ̀ sí àná. Ẹ máa ń wí pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ ti mú àgbà kúrò lọ́jà, ẹ ní kí ó lọ jókòó sílé.

Ọmọbìnrin aládùúgbò wa kan, tó wà ní ìwé karùn-ún, ló kó mi yọ. Ó gbé ìwé ìṣirò wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Bàbá, tíṣà ní ìdajì pẹ̀lú ìdámẹ́ta kì í ṣe ìdá méjì nínú márùn-ún, kò sì yé mi.” Mo gé iṣu sí ọ̀nà mẹ́fà tó dọ́gba lójú rẹ̀. Mo ní kí ó mú ìdajì, ó mú mẹ́ta. Mo ní kí ó mú ìdámẹ́ta gbogbo rẹ̀, ó mú méjì. Ó kà á, ó di márùn-ún nínú mẹ́fà, ó sì hó yèè. Lọ́jọ́ kejì, ó mú ẹni méjì dání. Wọ́n ti di mẹ́rìnlá báyìí, ògbólógbòó ilẹ̀kùn tí mo kùn ní dúdú ni pátákó wa, n kò sì gba kọ́bọ̀.

Mo ti rí irú rẹ̀ ní Ìlọrin, lọ́dọ̀ àwọn tó ń mọ ìkòkò ní Òkèlele. Ìyá àgbà kan tí apá rẹ̀ kò lè po amọ̀ mọ́ ṣì wà létí iná, nítorí ojú rẹ̀ ló mọ ìgbà tí ìkòkò jinná, tí wọn yóò yọ ọ́ ní gbígbóná láti wọ́n omi èèpo èso igi irúgbá sí i lára. Bí kò bá tíì sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn án.

Nítorí náà, bí ẹ bá pe bàbá tàbí ìyá yín lórí fóònù, ẹ má fi í mọ lórí “Ṣé ẹ ti jẹun? Ṣé ẹ ti lo oògùn?” Ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n mọ̀ tí ẹ kò mọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n ṣe é. Kì í ṣe ìyá tí ẹ kó lọ sí Èkó láti máa ṣọ́ ọmọ láti àárọ̀ dalẹ́, níbi tí kò ti mọ ẹnì kan, ni mò ń wí o. Iṣẹ́ tiyín nìyẹn, kì í ṣe tirẹ̀. Èyí tí ọkàn rẹ̀ fà sí, tí agbára rẹ̀ sì ká, ni kí ẹ wá fún un.

Ẹni tó bá ń bọ̀ wálé lópin ọ̀sẹ̀ yìí, kí ó bá mi ra ṣọ́ọ̀kì páálí méjì dání. Èyí tó wà nílẹ̀ kò ní kọjá ọjọ́ Ẹtì.

Èmi ni bàbá yín, ní Òmù-Àrán.