Lẹ́tà Ẹ̀sùn: Ẹ Pààrọ̀ Ẹ̀bùn Ìyàwó Láìbi Mí Léèrè

Sí Ọ̀gá Ẹ̀ka Ìtọ́jú Oníbàárà,

Ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹ̀SÙN LÓRÍ Ẹ̀BÙN BRIDAL SHOWER TÍ MO RÀ LỌ́WỌ́ YÍN

Inú mi ò dùn rárá sí ohun tí ilé-iṣẹ́ yín ṣe sí ẹ̀bùn tí mo rà fún bridal shower ọ̀rẹ́ mi, ìyẹn àpèjẹ tí àwọn ọ̀rẹ́ ń ṣe fún ìyàwó kí ìgbéyàwó tó wáyé, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí. Àlùmọ́gàjí ọlọ́wọ́ òsì ni mo sanwó rẹ̀. Ti ọlọ́wọ́ ọ̀tún lẹ fi ránṣẹ́. Orúkọ ìyàwó tí mo ní kí ẹ fi òwú kọ sára àpò rẹ̀ dé pẹ̀lú àlàfo nínú. Ẹ̀yin náà lẹ tún fi rìsíìtì tó gbé iye owó sórí gbogbo ẹrù nínú àpótí. Kò sẹ́ni tó pè mí, kò sẹ́ni tó fi àtẹ̀jíṣẹ́ kankan ṣọwọ́ sí mi, títí ẹrù fi kúrò lọ́dọ̀ yín.

Ìparí oṣù ni wọ́n kọ́kọ́ fi àpèjẹ náà sí. Ìgbà tí ètò iṣẹ́ ìyàwó yí padà ni wọ́n mú kí ọjọ́ rẹ̀ yá sí i, ni gbogbo àwa ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ọ̀dọ̀ yín ni mo sáré wá nítorí ohun tí ẹ kọ gàdàgbà sójú ìkànnì yín, pé ẹni tí àkókò ti ká mọ́ ṣì lè rí ẹ̀bùn tó fi ọkàn rò lọ́dọ̀ yín, pé ẹ ó kọ orúkọ sí i, ẹ ó fi ọwọ́ kọ káàdì rẹ̀, ẹ ó sì gbé e dé kí ọjọ́ tó pé. Mo gba ọ̀rọ̀ yín gbọ́. Mo san owó lé owó kó lè tètè dé, ó sì dé lásìkò lóòótọ́. Ẹni tó gbé e wá bọ̀wọ̀ fún mi, ó sì rọra gbé àpótí náà lé mi lọ́wọ́. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀; ẹjọ́ mi ò kàn án.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí mo ṣe yan ẹ̀bùn náà, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Tí àkókò bá ti lọ, ohun tí ọwọ́ bá kọ́kọ́ bà lèèyàn sábà máa ń mú: ife méjì tí wọ́n kọ "ọkọ" àti "ìyàwó" sí, àbẹ́là olóòórùn dídùn, aṣọ ìwọ̀lé tó ń dán. Wọn ò burú, àmọ́ kò sí ìyàwó tí èèyàn ò lè gbé wọn fún. Aṣọ tiẹ̀ léwu jù lọ fún ẹni tí àkókò ò sí fún, torí tí ìwọ̀n rẹ̀ bá fi yẹ̀ pẹ́rẹ́, kò sí àyè àtipààrọ̀ rẹ̀ mọ́. Mo bá jókòó, mo bi ara mi pé kí ni mo mọ̀ nípa ọ̀rẹ́ mi yìí tí ẹlòmíì lè máà rántí. Ọwọ́ òsì ló ń lò, kò sì sí ohun tó fẹ́ràn tó aṣọ rírán. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, àlùmọ́gàjí ọlọ́wọ́ ọ̀tún ló fi ń gé aṣọ. Á yí ọrùn ọwọ́ sódì, á máa fi àtàǹpàkò fa èèkù rẹ̀ lódìlódì kí ẹnu rẹ̀ méjèèjì lè pàdé. Ó ti mọ́ ọn lára débi pé kì í ráhùn mọ́. Mo ní ìyà yẹn ò gbọdọ̀ bá a wọ ilé ọkọ.

Ó ṣeé ṣe kí ẹni tó pààrọ̀ rẹ̀ nílé ìkẹ́rùsí yín rò pé gbogbo àlùmọ́gàjí ọ̀kan náà ni. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà rárá. Yàtọ̀ sí ibi tí ìka ń wọ̀, bí wọ́n ṣe to abẹ méjèèjì léra wọn ò dọ́gba. Ti ọlọ́wọ́ ọ̀tún, abẹ apá ọ̀tún ló ń wà lókè. Ti ọlọ́wọ́ òsì, ti apá òsì ni. Bí èèyàn bá ń pa àlùmọ́gàjí dé, àtàǹpàkò máa ń ti èèkù kan síta díẹ̀, àwọn ìka yòókù á sì máa fa èkejì mọ́ra. Nínú ọwọ́ tí wọ́n ṣe é fún, agbára yẹn ló ń fún abẹ méjèèjì pọ̀ kí wọ́n lè gé. Tó bá bọ́ sí ọwọ́ kejì, agbára yẹn kan náà ló ń yà wọ́n nípá, aṣọ á wá ká sáàárín wọn. Lẹ́yìn náà, abẹ òkè á tún bo ilà tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì fà sórí aṣọ mọ́ ẹni tó ń gé e lójú. Èyí ni mo rà á fún, gbogbo rẹ̀ ló sì wà lójú ìwé tí ẹ ti ń tà á. Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ síbẹ̀.

Lọ́jọ́ àpèjẹ, ìyàwó ṣí àpótí mi lójú gbogbo èèyàn. Ó rí àlùmọ́gàjí, ó rí káàdì, ó kà á pé "ti ọwọ́ òsì rẹ ni èyí o," ó pariwo ayọ̀, ó sì dìde wá dì mọ́ mi. Ẹ̀bùn tó kàn ní ríbọ́ọ̀nù fífẹ̀ kan lára. Ó ní òun ó fi àlùmọ́gàjí òun tuntun gé e. Ó mú un sọ́wọ́ òsì, ó pa á dé, ríbọ́ọ̀nù náà ká wọlé sáàárín abẹ méjèèjì, kò gé. Ó tún un ṣe, ó tún ká. Mo rí i tí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí sódì bó ṣe máa ń ṣe. Ó mọ̀, èmi náà mọ̀. Nítorí èèyàn rere ni, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fi ọwọ́ tú ríbọ́ọ̀nù náà, ó sì sọ pé ó dáa gan-an. Ẹ wò ó, ọ̀rẹ́ mi ní láti díbọ́n lọ́jọ́ ayọ̀ rẹ̀ kí ojú má bàa tì mí. Ó dùn mí dọ́kàn.

Mo pe nọ́ńbà tí ẹ fi síta. Lẹ́yìn tí ẹ̀rọ ti bá mi sọ̀rọ̀ títí, mo rí ẹnìkan bá sọ̀rọ̀. Ó ní èyí tí mo rà ti tán, pé èyí tí ẹ fi rọ́pò rẹ̀ wọ́n jù ú lọ, àti pé èmi gan-an ni mo jèrè. Ó tún ní wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé ọwọ́ kọ́wọ́ lè lò ó. Ẹ bá mi sọ fún un pé èèkù nìkan ni wọ́n ṣe tó fi rọ ọwọ́ méjèèjì lọ́rùn. Abẹ rẹ̀ ṣì jẹ́ ti ọlọ́wọ́ ọ̀tún, ẹni tó bá sì gbé e sójú iná á rí i. Ní ti pé ó wọ́n jù, mi ò bẹ̀ yín pé kí ẹ bá mi ra ohun tó wọ́n. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tó sọ ni pé ẹ ó fún mi ní kúpọ́ọ̀nù tí mo lè fi ra nǹkan míì lọ́dọ̀ yín. Mi ò gbà á, mi ò sì ní gbà á.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ara àpò náà tún wà ńlẹ̀. Orúkọ ìyàwó ní lẹ́tà ẹ tó ní àmì nísàlẹ̀, tó tún gbé àmì ohùn sórí. Kí n tó sanwó, ìkànnì yín fi àwòrán bó ṣe máa rí hàn mí, orúkọ náà sì pé ṣámúṣámú. Ohun tó dé yàtọ̀. Òwú aláwọ̀ wúrà ni, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀ sì mọ́, àwọn lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ jókòó dáadáa. Níbi tó yẹ kí ẹ yẹn wà, aṣọ lásán ló wà níbẹ̀, lẹ́tà tó kù wá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn àlàfo náà. Mo mọ ohun tó fà á. Ẹ̀rọ tó ń fi òwú kọ̀wé sára aṣọ kì í mọ lẹ́tà tí ẹnìkan ò bá tíì yà sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, kó sì ti là á sílẹ̀ fún un ibi tí abẹ́rẹ́ máa gún. Irú lẹ́tà ẹ tí mò ń wí yìí, Unicode pàápàá, ìyẹn ètò tó ń fún àwọn lẹ́tà ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà, ò fún un ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ṣe ni wọ́n ń so àmì ohùn mọ́ ẹ olójú ìsàlẹ̀ kó tó jáde. Ẹ̀rọ yín ò rí i kà, ó fò ó. Mi ò bá ẹ̀rọ wí. Àmọ́ èèyàn kan ló yọ àpò yẹn kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ, èèyàn kan ló ká a, tó fi bébà wé e. Ó rí àlàfo láàárín orúkọ ọmọ ọlọ́mọ, ó sì tì í sínú àpótí. Ẹni tó mọ abẹ́rẹ́ dì mú ì bá fi ọwọ́ rán lẹ́tà kan yẹn sí i láìpẹ́. Tí ẹ ò bá lè kọ orúkọ gbogbo èèyàn, ẹ sọ ọ́ kí ẹ tó gbowó.

Rìsíìtì ò gba àlàyé púpọ̀: mo fi àmì sí i pé ẹ̀bùn ni, ó sì yẹ kí iye owó má jáde. Káàdì tí ẹ ní ẹ ó fi ọwọ́ kọ, ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀kan ṣì kù tó kan àwa ọ̀rẹ́ lápapọ̀. Ọ̀dọ̀ yín ni ìyàwó fi ìwé àkọsílẹ̀ ẹ̀bùn tó fẹ́ sí. A dáwó jọ, a ra áyọ́ọ̀nù kan nínú rẹ̀, torí ìwé náà sọ pé kò tíì sẹ́ni tó rà á. Ìbátan ìyàwó ti rà á ṣáájú wa, áyọ́ọ̀nù méjì ló sì jáde lójú àpèjẹ. Ìwé àkọsílẹ̀ ẹ̀bùn ìyàwó kì í ṣe ohun àná. Ilé ìtajà Marshall Field's ní Chicago ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti ọdún 1924, nígbà tó jẹ́ pé gègé àti bébà ni wọ́n fi ń ṣe é. Ọ̀kan pàtàkì nínú iṣẹ́ tí irú ìwé yẹn wà fún ni kí ohun kan náà má di méjì. Ẹ̀yin tí ẹ ní kọ̀ǹpútà ò gbọdọ̀ kùnà nínú rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kó yé yín ni pé ẹni tí àkókò ti ká mọ́ ni irú ìpààrọ̀ yìí ń pa lára jù. Ẹni tó bá ra nǹkan lóṣù kan ṣáájú lè dá a padà. Ọjọ́ tí tèmi dé, kò sí ọ̀nà mọ́. Ká ní ẹ pè mí pé "èyí tí ẹ rà ti tán," mi ò ní bínú. Ǹ bá ní kí ẹ dá owó rẹ̀ padà, ǹ bá ya àwòrán àlùmọ́gàjí náà sínú káàdì, ǹ bá fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ń bọ̀ lọ́nà, ǹ bá fi sínú àpòòwé, ọ̀rẹ́ mi ì bá sì yọ̀. Ìlérí tó tọ́ sí i sàn ju irin tí kò lè lò lọ. Ìpè kan péré lẹ fi dù mí ní gbogbo ìyẹn.

Nítorí náà, mo fẹ́ kí ẹ dá owó àlùmọ́gàjí, owó orúkọ kíkọ àti owó àlékún tí mo san fún káàdì padà sínú àkáǹtì tí mo fi sanwó. Kí ẹ wá àlùmọ́gàjí ọlọ́wọ́ òsì tí mo yàn gan-an, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ìyàwó lówó ara yín, pẹ̀lú àpò tí orúkọ rẹ̀ pé lára rẹ̀. Tí ẹ ò bá rí i, ẹ sọ fún mi, kí n wá a níbòmíì. Kí ẹ gba áyọ́ọ̀nù kan padà láìbéèrè rìsíìtì lọ́wọ́ ìyàwó. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ẹ fi ibì kan sójú ìwé ìsanwó yín tí oníbàárà ti lè sọ pé "tí kò bá sí, ẹ má pààrọ̀ rẹ̀, ẹ pè mí." Èyí kì í ṣe tèmi nìkan. Ẹlòmíì á ra bàtà fún ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn, tàbí ọṣẹ fún ẹni tí ara rẹ̀ ò gba òórùn, ẹ ò sì ní mọ ìdí tó fi yan èyí tó yàn.

Mò ń retí èsì yín láàárín ọjọ́ 14, lórí ìwé, láti ọwọ́ ẹni tó láṣẹ láti ṣe ohun tí mo béèrè. Mo ti so àwòrán àlùmọ́gàjí náà, ti àpò, ti rìsíìtì inú àpótí àti ojú ìwé tí mo ti rà á mọ́ lẹ́tà yìí. Ẹ má pe ìyàwó lórí ọ̀rọ̀ yìí. Èmi ni kí ẹ pè.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Oníbàárà yín