Ìjà báàsì kan kò jọ ti èkejì lẹ́nu ìwọ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lórí àwọn tó ń fi ìwọ̀ pẹja báàsì, ẹja odò àti adágún tí àwọn apẹja fẹ́ràn nítorí ìjà rẹ̀, mo sì gbádùn rẹ̀ títí mo fi dé ibi tí òǹkọ̀wé yín ti sọ pé bí ẹja bá ṣe tóbi tó ni ìjà rẹ̀ ṣe máa ń le tó, àti pé èyí tí kò bá jà, ọ̀lẹ ni. Ọ̀rọ̀ yìí ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́, nítorí pé ó ti tó ọdún 19 tí mo ti ń fi ọ̀pá ìwọ̀ wá ẹja yìí, mi ò sì tíì rí méjì tí ìjà wọn bára mu délẹ̀délẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo mú méjì nínú irú tí àwọn òyìnbó ń pè ní largemouth, létí koríko kan náà, pẹ̀lú ìdẹ kan náà, kí wákàtí kan tó pé. Nígbà tí mo wọn gígùn wọn, èkíní kò fi ju ìbú èékánná kan lọ gùn ju èkejì. Èkíní fò jáde nínú omi lẹ́ẹ̀mẹta, ó la ẹnu gbàgà, ó ń gbọn orí jìgìjìgì títí ìdẹ fi ń dún lẹ́nu rẹ̀ bí ṣaworo. Èkejì kò fò rárá. Ńṣe ló forí lé ìsàlẹ̀, ó wọ inú koríko, ó sì dúró síbẹ̀ gbagidi bí ẹni pé gbòǹgbò igi ni ìwọ̀ mi há sí, àfìgbà tí mo dẹ okùn fún un kó tó fúnra rẹ̀ jáde. Èwo ni ká wá pè ní ọ̀lẹ nínú àwọn méjèèjì?

Ohun tí a ń pè ní agbára ẹja, ibi tí ìwọ̀ ti kọ́ ọ wà lára rẹ̀. Bí ìwọ̀ bá kọ́ ètè, apẹja lè yí orí ẹja padà, ibi tí orí bá sì kọjú sí ni gbogbo ara ń bá a lọ. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ara ló kọ́, ẹja kékeré á fi ìhà dènà omi, á sì wúwo lọ́wọ́ bí àgbà ẹja. Èyí tó gbé ìwọ̀ mì dé ọ̀nà ọ̀fun lè tẹ̀ lé okùn wọ́ọ́rọ́wọ́ nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀.

Omi náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Báàsì kì í mú ara rẹ̀ gbóná. Bí omi bá ṣe rí ni ara rẹ̀ ń rí. Nínú omi tí ooru rẹ̀ kò ju 5 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó máa ń lọ́ra. Nínú èyí tó tó 25, ó ń ta bí ọfà. Bí omi bá sì wá gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ọ́síjìn inú rẹ̀ á dín kù, èémí ẹja á sì tètè já. Ẹran funfun tó pọ̀ lára báàsì ló fi ń ja ìjà àjàpajúdé yìí, láìdúró de ọ́síjìn, ṣùgbọ́n lactic acid, ìyẹn èròjà kíkan tó ń jáde nínú iṣan tó bá ń ṣiṣẹ́ àṣekára, tó ń kó jọ síbẹ̀ kì í tán lára rẹ̀ ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Ó lè gbà á ní wákàtí bíi mélòó kan. Ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn láàárọ̀ lè wá bá ẹ nírọ̀lẹ́ láìsí ìjà kankan lára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni akọ tó ti fi ọjọ́ púpọ̀ ṣọ́ ẹyin láìjẹun dáadáa.

Síbẹ̀, mi ò ní gbé gbogbo rẹ̀ ka orí omi àti ìwọ̀, torí pé ìwà àbínibí wà fún ẹja. Ní adágún Ridge Lake ní ìpínlẹ̀ Illinois, ní Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì sàmì sí gbogbo báàsì tí wọ́n bá mú kí wọ́n tó dá a padà, fún ọdún 4. Nígbà tí wọ́n fa omi rẹ̀ gbẹ, ẹja tó lé ní 1,700 ni wọ́n kó, nǹkan bíi 200 nínú wọn ni ẹnikẹ́ni kò sì tíì mú rí. Wọ́n mú ọmọ jáde láti inú àwọn tó ń tètè kó sí ìwọ̀ àti láti inú àwọn tó ń yẹra fún un, wọ́n sì jábọ̀ lọ́dún 2009 pé ìyàtọ̀ náà ń ti ara òbí wọ ara ọmọ. Òótọ́ ni pé jíjẹ ìdẹ ni wọ́n wọ̀n, kì í ṣe ìjà. Àmọ́ bí a bá lè bí ìwàǹwára mọ́ ẹja nídìí ìdẹ, kò yà mí lẹ́nu pé a lè bí i mọ́ ọn lẹ́nu ìwọ̀.

Ìwúwo ló rọrùn láti wọ̀n, bóyá òun ló fi tan òǹkọ̀wé yín jẹ. Largemouth tí George Perry mú ní Georgia, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1932 àti èyí tí Manabu Kurita mú ní adágún Biwa ní Japan lọ́dún 2009 ló tóbi jù nínú àkọsílẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lé díẹ̀ ní kìlógíráàmù 10. Ìwúwo wọn nìkan ni òṣùwọ̀n lè sọ fún wa.

Mo bẹ̀ yín, nígbà tí òǹkọ̀wé yín bá tún máa ròyìn ìjà ẹja kan, kó jọ̀wọ́ sọ bí omi ṣe gbóná tó, bó ṣe jìn tó àti ibi tí ìwọ̀ kọ́. Èyí tó bá sì wá wọ́ọ́rọ́ láìjà, kó kọ́kọ́ yẹ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ wò kó tó pè é ní ọ̀lẹ.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín tòótọ́